Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọdé Láti Ju Béèsìbọ́ọ̀lù, Láti Ẹsẹ̀ Dé Ìka Ọwọ́

Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ tí kò mọ òkò sọ. Nígbà tí máńgòrò bá ti ń pọ́n, ẹ lọ wo abẹ́ igi lẹ́yìn ilé ìwé yòówù láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìkẹ́nnẹ́, ẹ óò rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí yóò fi òkò kan ṣoṣo já èso tí ó wà lókè téńté. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ eré ìdárayá fi máa ń rò pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé béèsìbọ́ọ̀lù lé ọmọ náà lọ́wọ́, wọ́n á ní kí ó jù ú, bọ́ọ̀lù á sì fò kọjá lórí ẹni tí ó yẹ kí ó hán an. Wọ́n á ní kí ó rọra tún un jù, èyí á sì bọ́ sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ yìí kan náà á máa fi ọwọ́ òsì di ìgúnpá ọ̀tún mú bí ó bá ń lọ sílé.

Òkò máńgòrò àti béèsìbọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó ń sọ òkò sókè ní láti fara rọ̀ sẹ́yìn, kí ó rẹ ìgúnpá rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì tètè jọ̀wọ́ òkò. Ẹni tí ó ń ju bọ́ọ̀lù sí iwájú láti orí òkìtì, ìyẹn ilẹ̀ tí ó ga díẹ̀ tí ó máa ń dúró lé, ní láti ṣe òdìkejì gbogbo rẹ̀. Àwọn olùkọ́ sì máa ń gbìyànjú láti tún ọwọ́ ṣe, nítorí ọwọ́ ni ojú wọn ń rí, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí mo ti kọ́. Ẹ óò rí i pé léraléra ni màá máa dá yín padà sí ẹsẹ̀.

Ọmọ ọdún 9 sí 14 ni mo ní lọ́kàn. Ajubọ́ọ̀lù ni mo ń pe ẹni tí àwọn eléré ń pè ní pitcher, tí ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí ń fi igi gbá a; ahánbọ́ọ̀lù sì ni catcher, tí ń hán an lẹ́yìn ẹni tí ń gbá a. Gbogbo àpẹẹrẹ mi jẹ́ ti ọmọ tí ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí i padà.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ wá béèsìbọ́ọ̀lù gidi mẹ́fà, ó kéré tán. Èyí tí ó pé ìwọ̀n máa ń tẹ̀ wọ̀n ní gíráàmù 142 sí 149, bí ẹ bá sì fi téèpù télọ̀ wọn ìyíká rẹ̀, yóò jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 23. Ẹ fi bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì méjìlá kún un fún àwọn tí ọwọ́ wọn ṣì kéré àti fún ìpele àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe fi òkúta tàbí ọsàn tútù dípò, ẹ má sì lo bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì, nítorí gíráàmù 156 sí 163 ni tirẹ̀, ìyàtọ̀ kékeré yẹn sì máa ń pọ̀ lójú ìgúnpá ọmọdé bí ó bá ti jù ú ní ìgbà 30.

Gbogbo ẹni tí yóò hán bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ní ìbọ̀wọ́. Ẹni tí yóò jókòó sẹ́yìn àwo ìparí (home plate, àwo pẹlẹbẹ tí ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù máa ń dúró tì) gẹ́gẹ́ bí ahánbọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ní ìbòjú onírin, ìgbàyà àti ìbò ojúgun. Bí ẹ kò bá tíì ní ìwọ̀nyí, ẹ má fi ọmọ kankan síbẹ̀. Ẹ ta tapólì mọ́ òpó góòlù ní pápá ilé ìwé, kí ẹ fi ọ̀dà kun igun mẹ́rin kan sí i lára: kí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 43, èyí tí í ṣe ìbú àwo ìparí gan-an, kí gíga rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún ọmọ tí ó dúró láti fi igi gbá bọ́ọ̀lù dé abíyá rẹ̀.

Ìyókù kò wọ́n: eérú iná igi nínú korobá kan, téèpù télọ̀, màákà dúdú, aṣọ ìnura, ìwé àkọsílẹ̀ pẹ̀lú bírò, àti fóònù tí ó lè ya fídíò kí ó sì fi hàn díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fojú kéré eérú. Ó ṣe mí láǹfààní ju fóònù lọ.

Kí ọmọ kankan tó ju bọ́ọ̀lù, kí wọ́n sáré yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n yí apá síwájú àti sẹ́yìn, kí wọ́n sì jù ú síra wọn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ títí òógùn yóò fi yọ. Ara ni a fi ń múra sílẹ̀ fún jíjù. A kì í fi jíjù mú ara gbóná. Ní àsìkò ọyẹ́, èyí gbọ́dọ̀ pẹ́ ju bí ó ṣe máa ń pẹ́ lọ, kí wọ́n sì fi ọwọ́ tútù díẹ̀ nu ìka, nítorí ìka tí ó gbẹ máa ń yọ̀ lára awọ.

Ìpele kìíní: Mímú bọ́ọ̀lù

Ẹ yí bọ́ọ̀lù náà títí okùn pupa tí wọ́n fi rán an yóò fi tẹ̀ bí irin tí wọ́n ń kàn mọ́ pátákò ẹṣin. Ẹni tí ó bá ti dúró ti ẹṣin ní Ojúde Ọba mọ ìrísí náà. Kí ọmọ fi ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín lé okùn yẹn ní ìbú, kí orí ìka méjèèjì ré e kọjá díẹ̀, kí àtàńpàkò sì wà nísàlẹ̀ ní ọ̀gangan àárín wọn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kéré, kí ó fi ìka mẹ́ta mú un; òun fúnra rẹ̀ ni yóò yọ ẹ̀kẹta kúrò bí ó bá dàgbà.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe ni pé ọmọ máa ń ki bọ́ọ̀lù wọ inú àtẹ́lẹwọ́, kí ó sì fún un pinpin bí ẹni tí olè fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti le, ọrùn ọwọ́ le, ìgúnpá náà sì le.

Àyẹ̀wò: ẹ ki ìka yín kan sí àárín bọ́ọ̀lù àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kí ó wọlé wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fa bọ́ọ̀lù náà pẹ́lẹ́. Ó yẹ kí ó bọ́ láìjà.

Ìpele kejì: Jíjù lórí ìkúnlẹ̀

Kí ọmọ fi orúnkún ọ̀tún kúnlẹ̀, kí ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ òsì síwájú, kí ẹni tí yóò hán bọ́ọ̀lù sì wà ní ìwọ̀n mítà 5 sí i. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgúnpá ní ọ̀gangan èjìká, kí apá rẹ̀ tẹ̀ bí igun ilé, kí bọ́ọ̀lù sì kọjú sẹ́yìn, kì í ṣe síwájú. Láti ibẹ̀, kí ó jù ú ní ìdajì agbára, ní ìgbà 15. Ìkúnlẹ̀ yìí mú ẹsẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ lè rí ohun tí ọwọ́ ń ṣe ní tòótọ́.

Ohun tí ẹ ń wá ni pé kí ìka méjèèjì wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù nígbà tí ó ń kúrò lọ́wọ́. Ọmọ tí ó bá yí ọrùn ọwọ́ bí ẹni tí ń ṣí kọ́kọ́rọ́ ń jù ú láti ẹ̀gbẹ́, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Àwọn bàbá tí wọ́n máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá fẹ́ràn láti pariwo pé kí ó «fi ọrùn ọwọ́ ta á». Ẹ bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ fi màákà fa ìlà kan yí bọ́ọ̀lù po, kí ìlà náà gba àárín ìka méjèèjì kọjá nígbà tí ọmọ bá dì í mú. Bí ìka bá wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù dáadáa, bọ́ọ̀lù yóò máa yí sẹ́yìn bí ó ṣe ń lọ, ìlà dúdú náà yóò sì dúró gbọnrangandan lójú ẹni tí ń hán an. Bí ó bá ń mì bí ríìmù kẹ̀kẹ́ tí ó ti wọ́, ìka ti yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ fúnra rẹ̀ lè rí i lára bọ́ọ̀lù ẹnì kejì rẹ̀, ìyẹn sì ni mo fi fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí: kò nílò ẹnu olùkọ́. Ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni kí ìlà dúró kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ìpele kẹta: Ìdúró àti gbígbé ẹsẹ̀

Kò sí bọ́ọ̀lù nínú ìpele yìí. Kí ọmọ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kalẹ̀ ní ìbú, kí èjìká òsì kọjú sí tapólì, kí ọwọ́ méjèèjì pàdé níwájú àyà nínú ìbọ̀wọ́. Kí ó wá gbé orúnkún òsì sókè dé ìgbáròkó, kí ẹsẹ̀ sì rọ̀ sísàlẹ̀ lábẹ́ orúnkún náà láìjù ú síta. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró bí ti ẹni tí ó ru garawa omi tí ó kún dé etí. Kí ó dúró níbẹ̀ títí ẹ óò fi ka ení, èjì, ẹ̀ta.

Ọmọ tí ó ti ń sọ òkò yóò fẹ́ fẹ̀yìn rọ̀; ẹ óò rí i pé èjìká òsì rẹ̀ ga ju ọ̀tún lọ. Ẹ sọ fún un pé kí èjìká méjèèjì tẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé ìdúró ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yìí wà fún ẹ̀kọ́ nìkan. Nígbà tí ó bá ń jù ú ní tòótọ́, kò gbọdọ̀ dúró gbọin lókè.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ìka kan ti èjìká rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ wà lókè. Bí ó bá ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kò tíì tó.

Ìpele kẹrin: Ìgbésẹ̀ sí iwájú

Bí ẹ kò bá ní àkókò fún ju ìpele kan lọ, èyí ni kí ẹ fi àkókò yín sí. Agbára tí ń gbé bọ́ọ̀lù lọ ń ti ilẹ̀ wá: ó gba inú ẹsẹ̀ wọ ìbàdí, ó gba inú ẹ̀yìn dé èjìká, ọwọ́ ni ó ń dé kẹ́yìn. Níbi tí ẹsẹ̀ bá ti jẹ gbèsè, ìgúnpá ni yóò san án.

Ẹ fi eérú fa ìlà kan láti àárín ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ lọ tààrà sí àárín igun mẹ́rin ara tapólì. Ẹ wọn gíga ọmọ, kí ẹ sì sàmì sórí ìlà náà ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gíga rẹ̀. Ọmọ tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 140, àmì tirẹ̀ yóò wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 112. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, kì í ṣe òfin. Bí ọmọ bá ní láti fò kí ó tó dé ibẹ̀, ẹ sún àmì náà sẹ́yìn. Ìgbésẹ̀ tí ó gùn jù máa ń fi ara sílẹ̀ lẹ́yìn, bọ́ọ̀lù a sì máa lọ sókè.

Láti orí ìdúró ìpele kẹta, kí ó sọ ẹsẹ̀ òsì kalẹ̀ kí ó sì jẹ́ kí ìbàdí òsì ṣíwájú, bí ẹni tí ó fi ìbàdí ti ilẹ̀kùn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún. Kí ẹsẹ̀ balẹ̀ sórí ìlà, tàbí kí ó fi díẹ̀ wọ ọwọ́ ọ̀tún ìlà. Kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí tapólì tàbí kí ó yà díẹ̀ sí ọ̀tún. Kí orúnkún sì tẹ̀ nígbà tí ó bá balẹ̀.

Àṣìṣe mẹ́ta ni ẹ óò máa rí. Èkíní ni pé kí ẹsẹ̀ balẹ̀ sí òsì ìlà. Ìbàdí á tètè ṣí, àyà á kọjú síwájú kí ọwọ́ tó dé, apá á máa wọ́ tẹ̀lé ara, bọ́ọ̀lù á sì gba òkè lọ sí ọ̀tún. Èkejì ni pé kí ó balẹ̀ jìnnà sí ọ̀tún, tí ọmọ yóò fi máa ju bọ́ọ̀lù gba iwájú ara rẹ̀ kọjá. Ẹ̀kẹta ni fífi gìgísẹ̀ gúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún gbọnrangandan, tí gbogbo ara á sì gbọ̀n.

Mo ní láti sọ ti ọmọ ọdún 11 kan tí mo kọ́ ní ìtòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ó lágbára, ṣùgbọ́n mẹ́jọ nínú bọ́ọ̀lù mẹ́wàá tí ó bá jù ni ó ń gba òkè lọ sí ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Mo yí bí ó ṣe ń mú un padà, mo ní kí ó gbé ìgúnpá sókè, mo ní kí ó pẹ́ kí ó tó jọ̀wọ́. Ó ń burú sí i ni. Ọjọ́ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da eérú ni mo wo ilẹ̀ lẹ́yìn tí ó jù ú tán, mo rí i pé gbogbo ipasẹ̀ rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí òsì ìlà, wọ́n tò lé ara wọn bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, «Kóòṣì, kòtò wà níbẹ̀.» Òótọ́ ni: iwájú góòlù kejì ni a ń lò, àwọn gólì ilé ìwé náà sì ti fi ẹsẹ̀ gbẹ́ kòtò kan sí ọ̀gangan ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ kí ó balẹ̀ sí. Ọmọ náà ń dáàbò bo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi sì ń bá ọwọ́ rẹ̀ jà. A di kòtò náà, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ju mẹ́fà nínú mẹ́wàá sínú igun mẹ́rin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ilẹ̀ wò kí ọmọ kankan tó dúró síbẹ̀, pàápàá nígbà òjò, tí ilẹ̀ pupa wa máa ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Àyẹ̀wò: kí ó gbé ìgbésẹ̀ márùn-ún láìjù bọ́ọ̀lù, kí ẹ sì wo ipasẹ̀ márààrún nínú eérú. Kí mẹ́rin, ó kéré tán, wà lórí ìlà, kí wọ́n má sì jìnnà síra wọn ju ìbú ẹsẹ̀ kan lọ. Kí ó tún un ṣe pẹ̀lú ojú dídì. Ẹsẹ̀ tí ó bá rí ọ̀nà nínú òkùnkùn ti mọ̀ ọ́n.

Ìpele karùn-ún: Pínpín ọwọ́

Nígbà tí ẹsẹ̀ òsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ méjèèjì yóò pínyà ní ọ̀gangan ìdodo, pẹ̀lú àtàńpàkò méjèèjì tí ó dorí kodò. Ọwọ́ ọ̀tún yóò sọ̀kalẹ̀, yóò gba ẹ̀yìn, yóò sì gòkè; ọwọ́ òsì pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ yóò na síwájú. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni àkókò: ní ìgbà gan-an tí ẹsẹ̀ òsì bá kan ilẹ̀, ìgúnpá ọ̀tún gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀gangan èjìká, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti wà lókè, kí ó sì kọjú sẹ́yìn.

Bí ẹsẹ̀ bá balẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ṣì wà nílẹ̀ létí itan, ara yóò yí síwájú, ọwọ́ yóò sì máa sá tẹ̀lé e. Inú ìgúnpá ni ìfàya náà yóò ti wáyé. Egungun ọmọdé kò tíì gbó tán níbẹ̀. Apá kan wà tí ó ṣì jẹ́ kerekere tí ń dàgbà, tí iṣan sì so mọ́. Ìfàya léraléra lè ṣe kerekere náà léṣe kí ó tó ṣe iṣan. Nínú àwọn àgbà, iṣan inú ìgúnpá yẹn ni ó máa ń já. Òun ni Dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ fi iṣẹ́ abẹ tún ṣe fún ajubọ́ọ̀lù Tommy John ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, tí wọ́n fi ń fi orúkọ Tommy John pe iṣẹ́ abẹ náà títí di òní.

Ẹ má sọ fún ọmọ pé kí ó «gbé ìgúnpá sókè». Èjìká ni yóò gbé dé etí, ìgúnpá kò sì ní í kúrò níbi tí ó wà. Bí ọwọ́ bá ń pẹ́, àtètèpín ni oògùn rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ láti máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé «sọ̀kalẹ̀, pín, tẹ̀»: ní «sọ̀kalẹ̀» kí orúnkún máa bọ̀ nílẹ̀, ní «pín» kí ọwọ́ pínyà, ní «tẹ̀» kí ẹsẹ̀ balẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lókè. Kí gbogbo wọn jọ máa sọ ọ́. Àwọn ọmọ máa ń sọ ọ́ di orin láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohun tí a sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn, nítorí ìlù rẹ̀ ni yóò bá wọn dé orí òkìtì.

Àyẹ̀wò: ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí àyà ọmọ kọjú sí, kí ẹ ya á ní fídíò, kí ẹ sì dá a dúró ní àwòrán tí ẹsẹ̀ ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ẹ gbé bírò lé ojú fóònù láti èjìká dé èjìká. Ìgúnpá yẹ kí ó wà lórí bírò náà. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ padà sí orin. Bí ó bá ga jù ú lọ tí ó sì ti lọ sẹ́yìn ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ ti na jìnnà jù. Kí ó pín in pẹ́kípẹ́kí.

Ìpele kẹfà: Ìbàdí ṣáájú, èjìká tẹ̀lé

Kí ọmọ dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì tí ó ti yà gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ìgbésẹ̀ ti parí, ìgúnpá lókè, bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Kí ó gbé ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ó gbé e padà sí òsì, kí ó wá yí ìbàdí, kí èjìká sì tẹ̀ lé e, kí ó jù ú. Ẹni tí ó bá ti fún aṣọ rí mọ̀ pé bí a bá yí ọwọ́ méjèèjì sí ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, omi kì í jáde. Ìlò yìí kan náà ni ó wà láàárín ìbàdí àti èjìká.

Kí ìbọ̀wọ́ dúró níwájú, kí àyà lọ pàdé rẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi ìbọ̀wọ́ gbá sẹ́yìn ti fa èjìká òsì rẹ̀ ṣí.

Àyẹ̀wò: nínú fídíò láti iwájú, ojú bẹ́líìtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí yín kí ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀wù rẹ̀ tó ṣeé kà tán.

Ìpele keje: Jíjọ̀wọ́ àti ìparí

Iwájú ojú ni a ti ń jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Aṣọ ìnura ni a fi ń kọ́ ọ: kí ọmọ di etí aṣọ mú láàárín ìka méjì, kí ẹnì kejì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ó sì na ìbọ̀wọ́ síbi tí aṣọ kò lè dé àfi bí ọmọ bá tẹ̀ síwájú dáadáa lórí orúnkún òsì. Kí ó fi aṣọ gbá ìbọ̀wọ́ náà ní ìgbà mẹ́wàá. Ìró rẹ̀ ni yóò sọ fún yín. «Pàá» ni ó yẹ kí ẹ gbọ́.

Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti lọ, kí ọwọ́ ọ̀tún má dúró. Kí ó wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òde orúnkún òsì, kí ẹ̀yìn tẹ̀ dé ibi tí ó lè tẹ̀ dé, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún sì gòkè kí ó wá balẹ̀ níwájú. Àwọn iṣan ẹ̀yìn èjìká ni ń dá ọwọ́ dúró; bí ọmọ bá gé ìparí rẹ̀ kúrú, àwọn nìkan ni yóò ru gbogbo ẹrù yẹn. Kí ó tètè gbé ìbọ̀wọ́ sókè pẹ̀lú, nítorí iwájú ẹni tí ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù gan-an ni ọmọ náà wà, bọ́ọ̀lù náà sì lè padà wá bá a lójú.

Bọ́ọ̀lù tí ó bá ń gba òkè lọ sí ọ̀tún, ẹ padà sí ìpele kẹrin àti ìkarùn-ún. Èyí tí ó ń bọ́ sílẹ̀ sí òsì, ó pẹ́ kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀, tàbí ó ń fi orí fà sí òsì. Ẹ wo imú rẹ̀, kí ó kọjú sí tapólì títí bọ́ọ̀lù yóò fi dé ibẹ̀.

Ìpele kẹjọ: Ọ̀nà jíjìn

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mítà 8. Bí ó bá ń kan igun mẹ́rin ní ìgbà mẹ́fà nínú mẹ́wàá, ẹ sún un sí 11, lẹ́yìn náà sí 14. Ẹsẹ̀ bàtà 46, èyí tí í ṣe mítà 14, ni Little League, àjọ béèsìbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún méjìlá sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 60 pẹ̀lú ínǹṣì 6, nǹkan bí mítà 18.4, jẹ́ ti àgbàlagbà. Mo ti rí olùkọ́ tí ó fi ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ibi tí àgbà ń dúró sí, ó ní kí ó lè tètè lágbára. Òkò máńgòrò ni ọmọ náà padà sí kíá, nítorí òkè nìkan ni bọ́ọ̀lù lè gbà dé ibẹ̀.

Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí. Òkìtì ìga ínǹṣì 6 kò bọ́ síbẹ̀ àfi lẹ́yìn tí ó bá ti dúró ṣinṣin ní mítà 14. Ẹni tí yóò di igi mú ni ó kẹ́yìn, pẹ̀lú àṣíborí. Ẹ fi bọ́ọ̀lù tí ń yà lójú ọ̀nà (curveball) sílẹ̀ fún ọmọ tí ó bá ti tó ọdún 13 tàbí 14, tí ó sì ti mọ bọ́ọ̀lù tààrà àti èyí tí ó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Kíkà àti ìsinmi

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ka iye ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ju bọ́ọ̀lù, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìlànà Pitch Smart tí MLB (líìgì béèsìbọ́ọ̀lù tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà) àti USA Baseball (àjọ tí ń darí eré náà níbẹ̀) gbé kalẹ̀ kò gbà kí jíjù ju ìgbà 50 lọ lójúmọ́ nínú ìdíje fún ọmọ ọdún 7 sí 8, 75 fún ọdún 9 sí 10, 85 fún ọdún 11 sí 12, àti 95 fún ọdún 13 sí 14. Ọmọ tí iye tí ó jù kò bá kọjá 20 lè tún jù ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá ju 21 sí 35 yóò sinmi ọjọ́ 1, ẹni tí ó bá ju 36 sí 50 yóò sinmi ọjọ́ 2, ẹni tí ó bá ju 51 sí 65 yóò sinmi ọjọ́ 3, ẹni tí ó bá sì ju 66 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò sinmi ọjọ́ 4. Òkè àjà ni nọ́ńbà wọ̀nyí. Fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, n kì í kọjá 30 ní ìdánrawò kankan, mo sì máa ń dá a dúró kí ó tó dé ibẹ̀ bí ipasẹ̀ rẹ̀ bá ti ń fọ́n káàkiri nínú eérú, nítorí ẹsẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kan náà ṣe ajubọ́ọ̀lù àti ahánbọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan.

Ọmọ tí ó fẹ́ràn eré kì í jẹ́wọ́ ìrora. «Kóòṣì, kò sí nǹkan kan» ni yóò máa sọ, bàbá rẹ̀ á sì ti fi ìpara gbígbóná pa á kí wọ́n tó kúrò nílé. Ẹ má gba ìpara láyè láti bo ìrora mọ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó na apá méjèèjì síwájú pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ tí ó kọjú sókè, kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́: kí ìgúnpá méjèèjì nà bákan náà. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ egungun inú ìgúnpá ọ̀tún, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Ẹ bi ìyá rẹ̀ bóyá ọwọ́ òsì ni ó fi gbé garawa láàárọ̀. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kò bá tọ̀nà, kí ó má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé, kí ẹ sì mú un lọ rí dókítà egungun bí ìrora náà kò bá tíì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.